Ife Tó Dá Kọ́ Lórí Ìṣó

Ẹ̀yin ará Fìdítì, ó ti pé oṣù kan tí mo ti dé, ẹ kò sì jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá jókòó síwájú ilé, ẹ óò ní kí n sọ bí Ìlú Ọba ṣe rí. Bí a bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, ẹ óò yí mi ká. Mo ti sọ ti òtútù fún yín, mo ti sọ ti ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ abẹ́ ilẹ̀, mo sì ti sọ ti àwọn ajá tó ń wọ ẹ̀wù. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi, ojú ń tì mí láti fi ẹnu sọ ọ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni mo nà lẹ́gba nítorí pé ẹ kò kí àgbà, tàbí nítorí pé ẹ fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sí pátákó pé ìwà ọmọlúàbí kò ní ẹnubodè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìwé yìí lọ.

Ọ̀DỌ̀ RÀṢÍDÌ

Ràṣídì àkọ́bí mi ló ní kí n wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ òun. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó ní mo ti ń dá nìkan sọ̀rọ̀ jù lórí fóònù. Ìlú tó ń gbé wà ní apá àríwá Ìlú Ọba, níbi tí òjò kì í ti í pọ̀, tí kì í sì í dá. Ìparí oṣù kẹta ni mo débẹ̀. Wọ́n ní ìgbà òtútù ti lọ. Mo béèrè ibi tó lọ, nítorí pé ara tèmi kò mọ̀ pé ó kúrò.

Ràṣídì àti ìyàwó rẹ̀ a máa jáde ní kùtùkùtù, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ ń wo ara wa. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn, mo jáde lọ kí àdúgbò, nítorí pé mi ò mọ bí àgbàlagbà ṣe ń dé ìlú onílùú kó má kí ẹnikẹ́ni. Mo kí obìnrin kan tó ń fa ajá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọdá sí òdìkejì ọ̀nà. Mo rí ọkùnrin kan tó ń kun ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dà, mo kí i kú iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní òun kò tíì parí rẹ̀. Mo yí padà sílé.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nípa jíjẹ́ àjèjì nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá ni. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀gàn kiri, kódà níbi tí kò sí. Bí ẹni tó ń tajà bá yára fún mi ní ṣéńjì, mo ní ó fẹ́ kí n tètè kúrò níwájú òun. Bó bá pẹ́, mo ní kò kà mí sí.

ILẸ̀ ÀYÁLÒ

Ràṣídì rí i pé mo ti ń rù. Ní Sátidé kan, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ojú irin, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti gé ilẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí wọ́n yá àwọn ará àdúgbò láti máa fi dáko. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju yàrá mẹ́ta lọ. Mo ní èyí kì í ṣe oko, ibi tí ewúrẹ́ ti ń na ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo bu erùpẹ̀ náà, tí mo gbóòórùn rẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ fún Ràṣídì pé atẹ́gùn ló wọ̀ mí lójú. Kò pẹ́, wọ́n yá èmi náà ní ọ̀kan.

Àwọn òyìnbó wà lókè pẹ̀lú òdòdó wọn. Ní igun ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ògiri ojú irin, àwa àtọ̀húnrìnwá la wà níbẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni Kàrímù, ará Bangladéṣì, onírùngbọ̀n funfun tó fi ogójì ọdún dáná nílé oúnjẹ kó tó sinmi. Lọ́wọ́ òsì mi ni Màmá Gúlóríà, ará Jàmáíkà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ lè dá rélùwéè dúró. Àwọn méjèèjì ló jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Orúkọ Kàrímù yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé òun ni orúkọ àbúrò bàbá mi. Nígbà tí mo kí i ní Àsàlámù àlékúmù, ó dá mi lóhùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Yàtọ̀ sí ará ilé mi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn mí ní ìlú yẹn.

Gẹ̀ẹ́sì wa kò bára mu. Tèmi jẹ́ ti pátákó, ti Kàrímù jẹ́ ti ilé ìdáná, ti Màmá Gúlóríà sì ń sáré ju àwa méjèèjì lọ. Oṣù kan gbáko ni Kàrímù fi ń pè mí ní ará Gánà, èmi náà sì ń pè é ní ará Índíà, kò sì sí ẹni tó bínú. Tẹ̀tẹ̀ pupa kún ilẹ̀ rẹ̀. Mo pè é ní orúkọ tiwa, ó pè é ní orúkọ tiwọn, a jọ lóṣòó tì í, a ń fi ọwọ́ pa ewé rẹ̀. Ó fi ẹnu àti ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń fi epo àti aáyù dín in. Mo fi tèmi júwe bí a ṣe ń fi irú sí i.

Ní ọjọ́ kan, Màmá Gúlóríà gbé abọ́ kan wá, ó ní kí n tọ́ oúnjẹ ìlú òun wò, pé mi ò lè tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo ṣí i, iṣin ni. Iṣin tó wà lẹ́yìnkùlé ilé ìyá mi ní Ìlórà, tí a máa ń lẹ̀ lókò nígbà tí a wà ní kékeré, òun ni wọ́n fi sínú agolo, tí wọ́n sì fi ẹja oníyọ̀ sè. Mo sọ fún un pé tiwa ni. Ó ní ti Jàmáíkà ni. A fà á títí ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta fi kọjá. Nígbà tó yá, ó ní bóyá àwọn baba ńlá òun ló gbé e dání láti ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ. Ó wá ti gbogbo abọ́ náà sọ́dọ̀ mi. A jọ jẹ ẹ́, a kò sì tún jà sí i mọ́.

Ẹ wò ó, báyìí ni àwọn èèyàn yìí ṣe gbà mí. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ bí ẹ ti ń ka èyí tó kù.

IFE BÚLÚÙ

Ilé pákó kékeré kan wà ní igun wa tí a ń kó ọkọ́ sí. Bó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Kàrímù á tan sítóòfù síbẹ̀, á se tíì tó fi mílíìkì àti ata ilẹ̀ sí. Ife funfun mẹ́rin ló wà lórí pẹpẹ. Ife búlúù kan dá kọ́ lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ife onírin àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó létí.

Àtìní kan, ìyẹn Mọ́ńdè, ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí wọlé fún tíì. Kàrímù bu tirẹ̀ sínú ife funfun, ó bu ti Màmá Gúlóríà sínú ife funfun. Ife funfun méjì ṣẹ́ kù. Ó na ọwọ́ kọjá lórí wọn, ó yọ ife búlúù kúrò lórí ìṣó, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó rọ tíì sí i, ó sì gbé e síwájú mi. Ó ní, "Tìrẹ nìyí."

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé oko mi lọ́nà Akinmọ́rin, ẹ ti mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn.

Fún ẹni tí kò bá débẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Àwọn ife wa wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi nínú ahéré mi. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ife rọ́bà pupa kan wà tó dá kọ́ lórí ìṣó. Ife alágbàṣe ni. Bàbá mi ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo bá a bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Kòsí, ọmọ ilẹ̀ Tógò, àti Afí ìyàwó rẹ̀, ti ń bá mi ṣe oko náà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìpẹ̀kun oko ni wọ́n kọ́ ilé amọ̀ tiwọn sí. Bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n lọ́dọ̀ mi, ife pupa ni wọ́n ń mú. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn. A kì í fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tiwa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo lè ní ìmọ́tótó ni, ṣùgbọ́n Kòsí mọ́ tónítóní jù mí lọ, ẹ̀yin náà mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ife búlúù yẹn, mi ò nílò ògbufọ̀. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Mo ní, áà, bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń rẹ́rìn-ín sí mi tó, ibi tí wọ́n fi mí sí nìyí. Àyà mi gbóná, mi ò sì fẹ́ jà. Mo rọra ti ife náà padà. Mo ní, "Mo ń gbààwẹ̀."

Irọ́ yẹn bọ́ sí mi lẹ́nu wẹ́rẹ́, nítorí pé ó mọ ọ̀nà. Ìgbàkígbà tí mo bá yà sí iwájú ilé Kòsí, tí Afí bá ní kí òun bomi fún mi, ohun tí mo máa ń sọ náà nìyẹn.

ÀÀWẸ̀ ÀTÌNÍ ÀTI ÀLÀMÍSÌ

Ojú Kàrímù tàn nígbà tó gbọ́. Ó ní ṣé mo máa ń gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì, bí àwọn ẹni rere ṣe máa ń ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo tún lè sọ? Ó gbé ife búlúù náà, ó da tíì inú rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e padà sórí ìṣó rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo di alááwẹ̀. Ní ọjọ́ yòókù, òwúrọ̀ ni mo ń lọ sóko, kí n lè kúrò kí tíì tó délẹ̀. Ní Àtìní àti Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ, pẹ̀lú ẹyin àti búrẹ́dì nínú ikùn mi. Mo tún ń fa ojú ro díẹ̀, kí ó lè hàn pé ebi ń pa mí.

Kò pẹ́ tí mo fi ṣàkíyèsí pé ní ọjọ́ méjèèjì yẹn, Kàrímù kì í tan sítóòfù mọ́. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Mo ní ó ti mọ̀ pé mo mọ ohun tí òun ṣe. Inú mi sì dùn, kí n má purọ́ fún yín mọ́. Mo ń wò ó bó ti ń rù, tó ń sinmi lórí ọkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ní ọjọ́ ogbó ni.

Ìgbà tó di oṣù kẹfà, ilẹ̀ wọn kì í ṣú mọ́. Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lu agogo mẹ́wàá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, kó sì tó di agogo mẹ́ta òru, ojú ọ̀run ti ń là. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn, ó gbà á. Oòrùn Àlàmísì kan wá mú bíi ti ilé. Mo rọra yọ lọ sẹ́yìn ilé pákó, mo kẹ̀yìn sí gbogbo ayé, mo yọ búrẹ́dì onísàdíìnì mi jáde, mo ṣí ike mínírà. Mo ti bu òkèlè kejì nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá Gúlóríà.

Kàrímù ti ṣubú sáàárín tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Agolo ìbomirin dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n kò rí wa dáadáa. Màmá Gúlóríà ti kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó ní, "Àtọ̀gbẹ ló ń bá a jà. Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ wá nǹkan dídùn, kíákíá."

Kò sí nǹkan dídùn kankan ní igun yẹn, kódà kò sí ṣúgà nílé pákó, àyàfi ike mínírà tó wà lápò mi, tí mo ti mu dé ààbọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ìṣẹ́jú kan kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ronú. Ọkùnrin kan ń kú lọ nílẹ̀, èmi ń ro bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé mi ò gbààwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yọ ọ́. Màmá Gúlóríà wo ike náà, ó wo èérún búrẹ́dì lára irùngbọ̀n mi. Ó gbà á, ó gbé e sẹ́nu Kàrímù, ó ń rọ ọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé.

OHUN TÍ MÀMÁ GÚLÓRÍÀ SỌ

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, Màmá Gúlóríà wọ inú ilé pákó, mo tẹ̀ lé e bí ọmọ tí olùkọ́ pè. Ó jókòó. Ó ní, "Tíṣà, ǹjẹ́ o mọ̀ pé dókítà ti ní kí Kàrímù má gbààwẹ̀ mọ́ láti ọdún pípẹ́? Kódà nínú Ràmàdáánì, ṣe ló ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀."

Mo ní mi ò mọ̀.

"Nígbà tí o dé, ó sọ fún mi pé ojú ń ti òun. Ó ní àlejò wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ń gbààwẹ̀ nínú oòrùn, òun jókòó síwájú rẹ̀, òun ń mu tíì. Ó ní òun kò ní í jẹ́ kí o dá nìkan gbà á. Mo bá a jà, mo sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, kò gbọ́ sí wa lẹ́nu. Ó ń gbà á nítorí tìrẹ." Ó wo irùngbọ̀n mi lẹ́ẹ̀kan sí i. "Kí ló dé tí o purọ́?"

Mo na ìka sí ife búlúù lórí ìṣó. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ìyẹn ni wọ́n yàn fún mi, tí àwọn funfun wà níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. Ó wá sọ ọ́. Ó ní ará ilẹ̀ Pólándì kan tí wọ́n ń pè ní Sítẹ́fàánù ló ni ilẹ̀ tí mo ń ro. Òun àti Kàrímù ni wọ́n jọ ṣán igun náà nígbà tó jẹ́ ẹ̀gún àti àfọ́kù ìgò. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì ti jọ mu tíì níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Nígbà tí Sítẹ́fàánù kú, kò sẹ́ni tó fi ife rẹ̀ mu nǹkan mọ́. Kàrímù ló ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n má tíì fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ náà. "Ọjọ́ tí o bu erùpẹ̀ tí o ń sunkún, ó wà lẹ́yìn ọgbà, ó rí ọ. Ó wá bá mi, ó ní ẹni tó ni ife ti dé, kí wọ́n fún un ní ilẹ̀ náà. Àwọn funfun yẹn, ti ẹnikẹ́ni tó bá yà ni. Èmi gan-an kò mọ èwo ni tèmi nínú wọn."

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, mo lè fẹsẹ̀ ara mi wọ inú rẹ̀.

Kò tíì tán. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní, "Ta ló ṣe irú ẹ̀ sí ọ rí, Tíṣà? Ta ló gbé ife tìrẹ kọ́ lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé ìyẹn lo kọ́kọ́ rò?" Ó rò pé ẹni tí wọ́n ti fìyà jẹ ni mí. Àánú mi ń ṣe é.

Kò sẹ́ni tó ṣe é sí mi rí láyé mi. Èmi ni mo ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ní ìlú mi, àwọn kan máa ń ṣe é." Àwọn kan. Mo tún bo ara mi. Màmá Gúlóríà mi orí, ó sì fọwọ́ tọ́ mi léjìká.

NÍLÉ KÀRÍMÙ

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́ kó padà sílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi. Kàrímù wà lórí àga gbọọrọ pẹ̀lú kúbùsù lẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ohun tí mi ò ṣe fún ẹnikẹ́ni láti ọdún tí bàbá mi ti kú. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo ṣubú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbààwẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò sí tí mo gbà á."

Ó wá bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú rẹ̀ pé, "Ṣé tíì mi ni kò dùn?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ife. Kò yé e. Mo tún un sọ, kò tún yé e. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló fa ìyẹn. Kò sí ibì kankan nínú orí ọkùnrin yẹn tí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí. Ó ṣáà ń sọ pé, "Ti Sítẹ́fàánù ni. Èèyàn dáadáa ni." Ó ní ààwẹ̀ òun náà, òun kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni òun gbà á fún tàbí èmi, kí àwa méjèèjì fi tiwa sílẹ̀ fún Un. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìrẹsì àti ẹja wá. A fọwọ́ jẹ ẹ́.

Títí mo fi kúrò ní ìlú yẹn, ife búlúù ni mo fi ń mu tíì. Mi ò gbádùn rẹ̀ rí, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e sẹ́nu, ife rọ́bà pupa kan ni mo ń rí. Ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, Kàrímù fọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́, ó ní, "Ó wà lórí ìṣó rẹ̀. Ìgbàkígbà tí o bá dé."

Ọ̀NÀ AKINMỌ́RIN

Inú bàálù ni mo ti ṣètò ohun tí mo máa ṣe. Mo ní n óò lọ sóko, n óò mú ife pupa, n óò fi mu omi lójú Kòsí àti Afí, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ó dára gan-an lọ́kàn mi. Mo tilẹ̀ ro ohun tí n óò sọ.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo gun ọ̀kadà lọ. Kòsí ti ro gbogbo ebè iṣu, gbágùúdá ti ga jù mí lọ. Wọ́n sáré pàdé mi, Afí kúnlẹ̀, Kòsí tẹrí ba, wọ́n ń kí mi kú àbọ̀. Mo wọ ahéré, mo yọ ife pupa lórí ìṣó, mo bu omi nínú ìkòkò, mo gbé e sókè.

Afí di ọwọ́ mi mú. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Tiwa nìyẹn."

Kòsí ti ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé a ṣẹ̀ yín ni? Bí ẹ bá ti rí ẹlòmíràn tó máa ṣe oko, ẹ sọ ọ́ fún wa."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ nínú bàálù fò lọ. Mo ní wọn kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ̀. Mo mu omi náà, wọn kò wò mí. Ó dà bíi pé mo bọ́ ṣòkòtò lójú wọn. Mo wá rí i pé fún ara mi ni mo ń ṣe é. Mo gbé ife sílẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé yín. Omi ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ mu."

Wọ́n wo ara wọn. A rìn dé ìpẹ̀kun oko. Afí wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, mo gbọ́ tó ń ṣí àpótí. Nígbà tó jáde, ó gbé nǹkan kan dání tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ó tú u. Ife dígí ni, wọ́n ya òdòdó pupa sí i lára, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ láti ilé ìtajà kò tíì kúrò.

Kòsí ní, "Ife yín ni, Bàbá. Ọdún tí a kọ́kọ́ dé ni Afí rà á ní Fìdítì. A ò jẹ́ kí ẹnì kankan fi mu omi. A ní ọjọ́ tí Bàbá ò bá gbààwẹ̀." Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Bí ẹni tó ń sọ ìgbà tí wọ́n gbin iṣu ló ṣe sọ ọ́.

Afí fi omi fọ̀ ọ́, ó bu omi sí i, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo mu ún tán. Ó gba ife náà, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó sì ń na ọwọ́ sí ọ̀rá láti tún un wé.

Mo ní kó má wé e mọ́, kó fi í sáàárín tiwọn.

Ó wo Kòsí, ó wá wò mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ tún máa wá mu omi ni?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gba iwájú ilé wọn kọjá láìmu omi wọn rí, ìdí nìyẹn tó fi ní láti bi mí.